Ẹ́ńjìnnì Tuntun, Rédíétọ̀ Àtijọ́

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa)

Akọ̀wé ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ètò omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, nígbà tí a bá yọ ẹ́ńjìnnì kan kúrò nínú mọ́tò tí a fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, pàápàá nígbà tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí n má lò ju ìdajì wákàtí lọ. N ó gbìyànjú.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Ìdí tí wọ́n fi pè mí ni pé èmi fúnra mi ti ba ẹ́ńjìnnì kan jẹ́ rí. Ẹni tó ni ín jókòó láàárín wa níhìn-ín, ó sì ti gbà kí n sọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ òun. Arákùnrin wa yìí yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó fi ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ fún mọ́tò kékeré tó fi ń ṣe kabúkabú ní ọjọ́ tí kò bá sí níbi iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú mọ́tò náà tẹ́lẹ̀ jẹ́ 1300. Èyí tó rà jẹ́ 2000. Èmi ni mo so ó. Wẹ́dà bá mi jó ìjókòó ẹ́ńjìnnì, rẹ́wáyà so wáyà, a sì sáná sí i, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Owó ti tán nígbà yẹn. Nítorí náà a dá rédíétọ̀ àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀, a kó họ́ọ̀sì àtijọ́ bọ̀ ọ́, a sì kí ara wa kú iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìbàfò, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti hó. Tọ́ọ̀pù tẹ̀, omi wọ inú ọ́ìlì, gbogbo rẹ̀ nọ́ọ̀kù. Oṣù 16 gbáko ni wọ́n fi ń yọ owó náà lára owó oṣù rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti di àlòkù irin. Kò bú mi. Ìbá bú mi, ìbá sàn fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ooru bẹ̀rẹ̀. Bẹntiróòlù tí a ń rà lówó gọbọi yìí, bí ẹ bá pín agbára rẹ̀ sí mẹ́ta, nǹkan bí ìdá kan ni ó ń yí táyà. Ìdá kan ń gba ẹnu sàlẹ́ńsà jáde. Ìdá kẹta ń wọ inú irin ẹ́ńjìnnì, omi ni ó sì gbọ́dọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí rédíétọ̀, kí afẹ́fẹ́ tó gbà á lọ́wọ́ omi. Kì í ṣe ìṣirò géérégé, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ọn. Ìyẹn ni pé ooru tí rédíétọ̀ ń bá jà kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí agbára tó ń gbé èrò lọ. Àwọn kan ń sọ pé rédíétọ̀ 1300 yóò tó ẹ́ńjìnnì 2000 bí a bá rọra ń wà á. Òótọ́ ni, bí ẹ bá rọra ń wà á. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ra ẹ́ńjìnnì ńlá kí ó lè máa rọra wà á? Èrò 5 nínú, ẹrù ní bùtù, òkè níwájú: ohun tí a torí rẹ̀ rà á nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbà awakọ̀ rántí Volkswagen oníjàpá àti àwọn dáńfó Volkswagen àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnnì wọn wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ú lára, kò sí rédíétọ̀, kò sí omi. Mo máa ń rò pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́ àìbìkítà nípa omi. Ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, wọ́n ń ṣe bọ́ọ̀sì Kombi yẹn títí di ọdún 2013. Ní ìparí ọdún 2005 ni wọ́n fi ẹ́ńjìnnì olómi, 1400, rọ́pò ti afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà ṣì wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n gbé rédíétọ̀ lọ sí iwájú, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọlu ọkọ̀, wọ́n sì fa páìpù omi gba abẹ́ ọkọ̀ lọ títí dé ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀, ẹ ó rí ihò afẹ́fẹ́ dúdú kan níwájú tí kò sí lára ti àtijọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kò so ẹ́ńjìnnì tán kí wọ́n tó máa wá ibi tí rédíétọ̀ yóò wà. Àwa ni à ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ fi téèpù wọn iwájú mọ́tò yín. Báwo ni àyè ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó? Báwo ni ó ṣe ga tó? Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ mú un lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí sí Àràrọ̀mí ní Gate n'Íbàdàn, níbikíbi tí ẹ ti fẹ́ ra ọjà. Ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì máa ń tú u kélekèle: ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, rédíétọ̀ lọ́tọ̀, fáànù lọ́tọ̀. Ìgbà tí owó ṣì wà lápò yín ni ẹ ó dúnàádúrà pọ̀ mọ́ ọn, kí ó fi rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì náà bá wá sí i, pẹ̀lú fáànù, ilé tẹ́mósítáàtì, àti ojú géèjì tó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá sanwó tán kí ẹ tó padà lọ bẹ̀ ẹ́, iye mìíràn ni yóò pè.

Ẹ wo ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé. Bí ó bá ní ìpẹtà díẹ̀, kò burú. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun tó ki bí ògì lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi àti ọ́ìlì ti máa pàdé nínú rẹ̀. Ẹ sì wo àwọn páànù róbótó tí wọ́n fi dí ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nílẹ̀, òòlù àti páànù tuntun ni iṣẹ́ wọn. Bí ó bá wọ inú mọ́tò tán, tí ọ̀kan jò lẹ́yìn, ẹ ó tún yọ gbogbo rẹ̀. Bákan náà ni pọ́ǹpù omi. Ẹ fi họ́ọ̀sì fọ inú ẹ́ńjìnnì títí omi yóò fi mọ́ lójú. Mo ti gbọn ìpẹtà jáde nínú ẹ́ńjìnnì kan rí tó kún agolo mílíìkì. Gbogbo ìyẹn ni ìbá lọ dí ojú rédíétọ̀.

Rédíétọ̀ wá kù. Bí èyí tó bá ẹ́ńjìnnì wá bá wọ àyè yín, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ wá èyí tó tóbi jù tí àyè lè gbà. Rédíétọ̀ bàbà àti idẹ ti àtijọ́ ṣì ní ọlá kan: oníṣẹ́ rédíétọ̀ lè ṣí i, kí ó fọ̀n ọ́n, kí ó fi ìlà mìíràn kún un, kí ó sì fi òjé jó o pa. Èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù pẹ̀lú ike lórí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà jó rédíétọ̀ mọ́ ara mọ́tò gan-in. Ẹ fi rọ́bà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ara mọ́tò ń mì, ẹ́ńjìnnì ń mì, ohun tí kò bá lè mì láàárín wọn ni yóò sán. Kí àyè wà láàárín abẹ fáànù àti rédíétọ̀, ó kéré tán ìka méjì, nítorí ẹ́ńjìnnì máa ń fì síwájú bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Kí ẹ sì fi páànù tàbí fóòmù dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò yàtọ̀ sí èrò inú ọjà, ibi tó gbà á láyè ni ó ń gbà. Bí àlàfo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, ibẹ̀ ni yóò gbà kọjá, kò ní wọ inú rẹ̀ rárá.

Ní ti họ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé ẹnu ti ẹ́ńjìnnì tuntun lè tóbi ju ti rédíétọ̀ lọ. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí a gé tíúbù táyà, kí a wé e mọ́ ẹnu páìpù, kí a sì fún kílíìpù pa. Èmi náà ti ṣe é. Ó máa ń dúró títí ọjọ́ tí ẹ bá jìnnà sílé. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹ́rin lè gbẹ́ páìpù kékeré kan fún yín, kí ẹnu kan tóbi, kí èkejì kéré, kí étí rẹ̀ sì wú díẹ̀ kí họ́ọ̀sì má lè yọ. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti òkè: pọ́ǹpù ń fa omi gba inú rẹ̀ ni. Bí rọ́bà rẹ̀ bá rọ̀, nígbà tí ẹ bá ń sáré yóò fún pọ̀ bí ẹnu arúgbó, omi kò sì ní kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ki sípíríìngì sínú rẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ sọnù.

Ó kù họ́ọ̀sì kékeré méjì. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ilẹ̀ òtútù wá, họ́ọ̀sì yẹn ni ó ń gbé omi gbígbóná lọ mú inú ọkọ̀ móoru. A kò nílò ìyẹn níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má fi bóòtì dí ẹnu méjèèjì. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ibẹ̀ ni omi ń gbà yí po kí tẹ́mósítáàtì tó ṣí. Ẹ fi họ́ọ̀sì kan so ẹnu kìíní mọ́ èkejì.

Mo ti dárúkọ tẹ́mósítáàtì, mo sì gbọ́ ẹ̀rín. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé ti ilẹ̀ òyìnbó ni, pé oòrùn tiwa kò fẹ́ ẹ, pé ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ máa ń jù ú sínú pàǹtí ni. Ọ̀gá tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà méjì ni omi ní: ọ̀nà gígùn tó lọ sí rédíétọ̀, àti ọ̀nà àbùjá tó yí padà sínú ẹ́ńjìnnì. Tẹ́mósítáàtì ni aṣọ́bodè. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì móoru, ó ti ọ̀nà gígùn. Bí ooru bá dé nǹkan bí dígíríì 82 tàbí 88, bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ sí i lára, ó ṣí ọ̀nà gígùn. Nínú àwọn tó ní abọ́ méjì, abọ́ ìsàlẹ̀ yóò sì ti àbùjá pa ní àkókò kan náà. Bí ẹ bá yọ aṣọ́bodè yìí sọnù, àbùjá ṣí sílẹ̀ gbayawu láti àárọ̀ dé alẹ́. Omi gbígbóná yóò máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé ọ̀dọ̀ rédíétọ̀. Ẹni tó yọ ọ́ kí mọ́tò lè tutù ni mọ́tò rẹ̀ ń hó. Kódà níbi tí kò bá hó, ẹ́ńjìnnì tí kò móoru tó ń jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń tètè gbó.

Bí ẹ kò bá gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó bá ẹ́ńjìnnì wá, ẹ fi òwú so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù. Ìkòkò tí ẹ rà fún un ni mo wí o, kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó yín. Ó gbọ́dọ̀ ṣí kí omi tó hó. Bí kò bá ṣí, ẹ ra tuntun. Kò wọ́n.

Fáànù ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ nígbà tí mọ́tò bá dúró, ìgbà tí mọ́tò bá sì dúró ni àwa awakọ̀ Èkó mọ̀ jù. Ike tó yí fáànù ká, tí a máa ń tú dànù kí ọwọ́ lè ráyè, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí fáànù lè fa afẹ́fẹ́ gba gbogbo ojú rédíétọ̀. Láìsí i, kìkì ibi tí abẹ rẹ̀ bò ni ó ń fà. Bí ó bá jẹ́ fáànù oníná, ẹ mú ojú ìwé ìròyìn kan lọ síwájú rédíétọ̀. Fáànù tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ fa ìwé náà mọ́ra. Bí ó bá ń tì í dànù, rẹ́wáyà ti so wáyà sódì, fáànù ń bá afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà jà nìyẹn. Kí wáyà rẹ̀ nípọn, kí ó ní fíúsì tirẹ̀, kí ó gba inú rílè, kí ojú ooru inú omi sì máa tan án fúnra rẹ̀. Àwọn awakọ̀ kan ń fẹ́ kí a fi súíìsì sí dáṣíbọ́ọ̀dù kí àwọn máa tan án. Mo lè fi kún un, kò burú, ṣùgbọ́n n kò ní fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹni tó ń bá kọ̀ńdọ́kítọ̀ jà lórí ṣéńjì kò ní rántí súíìsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ bọ́ílà nílé iṣẹ́, ẹ ó yé ọ̀rọ̀ ìdérí yìí ju awakọ̀ lọ. Omi tó wà ní gbangba ń hó ní dígíríì 100. Bí ẹ bá dé e pa tí ẹ fún un mọ́, kò ní hó níbẹ̀. Ìdérí tí wọ́n kọ 0.9 sí lórí yóò jẹ́ kí omi tó dé nǹkan bí dígíríì 118 kí ó tó hó. Nítorí náà ìdérí tó ti gbó, tí rọ́bà rẹ̀ ti sán, tí a wá fi ọ̀rá dí, ti gba dígíríì 18 lọ́wọ́ yín láìsọ fún yín. Ṣùgbọ́n apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: bí ẹ bá ṣí i nígbà tó gbóná, omi tó ti kọjá 100 yẹn yóò di èéfín lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú jáde. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ṣí i pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Láti àgbọ̀n títí dé àyà rẹ̀ ni ara ti bó. Ó yè, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀. Bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ lásán di họ́ọ̀sì òkè mú, ẹ má fọwọ́ kan ìdérí. Ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ń hó, tọ́ọ̀pù yóò sán.

Omi kànga àti ti bọhóòlù ní iyọ̀ àti ẹfun nínú, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú rédíétọ̀. Ẹ ra kúláǹtì, kí ẹ pò ó mọ́ omi tí wọ́n sẹ́ fún bátìrì, ìdajì-ìdajì. Ẹ má sọ pé ti òtútù ni. Ó ń jẹ́ kí omi pẹ́ kí ó tó hó, ó sì ń dènà ìpẹtà, àwọn tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù wọ̀nyí kò sì lè ṣe láìsí i. Nígbà tí ẹ bá ń dà á, ẹ gbé iwájú mọ́tò ga lórí òkè díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Bí orí rédíétọ̀ yín bá rẹlẹ̀ ju orí ẹ́ńjìnnì lọ, ẹ so táńkì omi kékeré kan tí yóò ga ju gbogbo wọn lọ, ibẹ̀ ni kí ìdérí wà. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú tọ́ọ̀pù kò yàtọ̀ sí pé kò sí omi níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ìbàfò, nítorí n kò tíì sọ ohun tó pa ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an fún yín. Rédíétọ̀ kékeré ni ó mú kí ó hó. Géèjì ni kò jẹ́ kí awakọ̀ mọ̀. Ojú ooru tó wà lára ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tuntun, géèjì tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù jẹ́ ti mọ́tò àtijọ́. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò kọjá ìdajì láti ọjọ́ tí a ti so ó, inú wa sì dùn, a ní ara ẹ́ńjìnnì tutù. Nígbà tí omi wá jò tán ní Ìbàfò, ojú ooru náà dúró sínú afẹ́fẹ́ lásán, kò kan omi mọ́, abẹ́rẹ́ sì ń lọ sílẹ̀. Arákùnrin wa wò ó, ó rò pé ó ti ń tutù, ó sì tẹ̀síwájú. Kò ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní ṣe. Nítorí náà, ẹ fi ojú ooru ti mọ́tò àtijọ́ sí ara ẹ́ńjìnnì tuntun bí ihò rẹ̀ bá gbà á, tàbí kí ẹ ra géèjì àti ojú rẹ̀ pọ̀ ní títà kan náà. Kí ẹ sì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tó bá já wálẹ̀ lójijì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ burú ju èyí tó ń gòkè lọ.

Nǹkan kejì tí mo ṣe ni pé alẹ́ ni mo dán an wò, lẹ́yìn òjò, nínú ọgbà. Mọ́tò wo ni kò ní tutù? Nísinsìnyí, ọ̀sán gangan ni mo ń sáná sí i, n ó jẹ́ kí ó dúró lójú kan fún ìdajì wákàtí títí fáànù yóò fi tan tí yóò sì kú fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N ó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè láti mọ̀ pé tẹ́mósítáàtì ti ṣí. N ó pa á, yóò tutù, n ó tún kílíìpù fún, n ó fi omi kún un. Lọ́jọ́ kejì n ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ni ó tó lè lọ sójú ọ̀nà ńlá.

Mo ti bá àwọn olóyè alájẹṣẹ́kù sọ ọ́ pé, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń yáwó ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n kọ owó rédíétọ̀, họ́ọ̀sì àti géèjì mọ́ ọn nínú fọ́ọ̀mù, kí ó má jẹ́ pé ìyẹn ni yóò máa kù nígbà tí owó bá tán. Wọ́n ní àwọn yóò jíròrò rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí n bá òun wo ẹ́ńjìnnì kí ó tó rà á, mo máa ń ráyè ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, n kì í gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún ìyẹn.

Arákùnrin wa tún fẹ́ so òmíràn. Rédíétọ̀ rẹ̀ ti wà nílé láti oṣù mẹ́ta, ó fi báàgì sìmẹ́ńtì bò ó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ́ńjìnnì tí yóò bá a mu ni a ń wá báyìí. Ẹ bi mí ní ìbéèrè bí ẹ bá ní, ṣùgbọ́n ẹ má bi mí ní iye tí ọjà ń lọ, torí iye tí mo gbọ́ láàárọ̀ lè ti yí padà kí n tó jókòó. Ti wáyà, ọ̀gá rẹ́wáyà wa wà níbí, òun ni yóò dáhùn.